Ẹni Tí Ó Mú Kọ́kọ́rọ́ Lọ́wọ́ àti Ẹni Tí Ó Yọ̀ǹda Ara Rẹ̀

Àwọn àgbà wa a máa wí pé bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń ka ìwé yìí ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu àwọn òbí yín nígbà púpọ̀, ó sì lè jẹ́ pé ìgbà tí ọwọ́ ọ̀tún ṣẹ̀ṣẹ̀ bà yín tán ni ẹ gbọ́ ọ. Nínú ilé, ẹnì kan ṣoṣo ni ó ni ọwọ́ méjèèjì. Ìyá tí ó na ọmọ ní òwúrọ̀ náà ni yóò bu oúnjẹ fún un ní ọ̀sán. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni tí ó ṣẹ̀ bá di ẹni tí ìjọba fi sí ẹ̀wọ̀n, ọ̀ràn yí padà. Ọwọ́ tí ń bá a wí di ti ìjọba: ti ọlọ́pàá, ti adájọ́, ti wọ́dà tí ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìbàdí. Ta ni ó wá ni ọwọ́ tí yóò fà á mọ́ra? Ṣé ti ìjọba náà ni, àbí ti àwa tí a wà lóde? Bí ó bá sì jẹ́ ti àwa tí a wà lóde, báwo ni ọwọ́ méjì tí kì í ṣe ti ẹnì kan náà yóò ṣe ṣiṣẹ́ pọ̀, tí ọ̀kan kò fi ní ba iṣẹ́ èkejì jẹ́? Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò nìyí.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n tí à ń wí yìí, irin tí a so kọ́ra ni. A ń fi de ajá, a ń fi de ẹrù, a sì ń fi de ènìyàn láyé àtijọ́. Nígbà tí a bá wí pé wọ́n rán ẹnì kan lọ sí ẹ̀wọ̀n, orúkọ irin ni a fi ń pe ilé. Àwọn baba wa mọ bí a ti í de ọ̀daràn mọ́lẹ̀ di ọjọ́ ìdájọ́. Wọ́n mọ owó ìtanràn, wọ́n mọ lílé kúrò ní ìlú, wọ́n sì mọ ikú. Ṣùgbọ́n ilé olódi gíga tí a kọ́ fún èrò púpọ̀, tí a ń ka ọdún fún ẹni tí ó wà nínú rẹ̀, tí ó ní ìwé òfin tirẹ̀ àti wọ́dà tirẹ̀, ọ̀dọ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti wá bá wa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ wà ní Broad Street ní Èkó; ibẹ̀ ti di ọgbà ìgbafẹ́ tí wọ́n ń pè ní Freedom Park láti ọdún 2010. Nítorí pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ti tọ̀ wá wá, ibẹ̀ náà ni a ó lọ wo bí àwọn tí kì í ṣe wọ́dà ti kọ́ láti bá àwọn aláṣẹ rẹ̀ ṣiṣẹ́.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan nínú yín yóò ti máa sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé: “Ẹni tí ó jalè, ẹni tí ó ṣe ọmọnìkejì rẹ̀ léṣe, kí ni a ń wá a lọ fún? Ẹni tí wọ́n jà lólè ńkọ́? Ta ni ó wá òun lọ?” Ìbéèrè rere ni, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yẹra fún un. Ẹni tí ó bá ń gbé oúnjẹ lọ fún ẹlẹ́wọ̀n, tí kò sì rántí opó tí ẹlẹ́wọ̀n náà sọ di opó, ìdajì àánú ni ó ní. Síbẹ̀, ohun mẹ́ta ni a kò gbọdọ̀ gbàgbé. Èkíní ni pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ó jẹ̀bi. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ó ju ìdajì wọn lọ tí adájọ́ kò tíì dá ẹjọ́ wọn rárá. Wọ́n ń retí ọjọ́ tí a ó pe orúkọ wọn ní kóòtù. Èkejì ni pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni yóò padà wá sí àárín wa lọ́jọ́ kan. Àwọn àgbà sì ti kìlọ̀ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ̀kẹta ni pé adájọ́ tí ó wí pé kí ẹnì kan ṣe ọdún mẹ́ta kò wí pé kí ebi pa á fún ọdún mẹ́ta, kò sì wí pé kí gbogbo ayé gbàgbé rẹ̀. Òmìnira rẹ̀ ni òfin gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gba jíjẹ́ ènìyàn rẹ̀. Òkò tí a bá sì sọ sí ọjà, ará ilé ẹni ni í bà. Ẹni tí ó ń wí pé kí a jẹ́ kí wọ́n jìyà kò mọ ẹni tirẹ̀ tí yóò wà níbẹ̀ lọ́la.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ìtàn. Ní ọdún 1773, wọ́n fi ọkùnrin ọlọ́rọ̀ kan tí ń jẹ́ John Howard ṣe ṣẹ́rífù ní ẹkùn Bedford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àbójútó ọgbà ẹ̀wọ̀n wà lára iṣẹ́ ṣẹ́rífù, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ṣẹ́rífù ìgbà náà kì í fi ẹsẹ̀ wọn tẹ ibẹ̀. Howard lọ wò ó. Ohun tí ó bá níbẹ̀ yà á lẹ́nu: àwọn tí ilé ẹjọ́ ti wí pé wọn kò jẹ̀bi ṣì wà nínú àtìmọ́lé. Kí ló dé? Nítorí pé ìjọba kò san owó oṣù fún olórí ọgbà náà. Owó tí ó bá gbà lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n ni ó fi ń jẹun, ẹni tí kò bá sì rí owó náà san kò ní jáde, ì báà ṣe aláìṣẹ̀. Howard bẹ àwọn adájọ́ ẹkùn náà pé kí wọ́n máa san owó oṣù fún ọkùnrin náà. Wọ́n dá a lóhùn pé kí ó fi ibòmíràn tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ hàn wọ́n. Ó gun ẹṣin, ó ń lọ láti ẹkùn dé ẹkùn, kò rí ọ̀kan. Ìwà ìrẹ́jẹ kan náà ni ó bá níbi gbogbo. Ó lọ jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin, wọ́n sì ṣe òfin méjì ní ọdún 1774 láti tún ọ̀ràn náà ṣe. Ó tẹ ohun tí ó rí sínú ìwé ní ọdún 1777. Owó ara rẹ̀ ni ó ná sórí ìrìn àjò wọ̀nyí fún ọdún púpọ̀, títí ibà fi pa á ní ọdún 1790 ní ìlú Kherson, lẹ́nu irú iṣẹ́ yìí kan náà.

Ẹ kíyè sí i pé ọwọ́ méjèèjì ni Howard ní. Oyè ṣẹ́rífù fún un ní àṣẹ láti wọlé. Àánú tirẹ̀ ni ó mú un ṣe ohun tí oyè kò sọ pé kí ó ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé aláàánú lásán ni, wọn ì bá ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ pé ṣẹ́rífù lásán ni, kì bá tí lọ. Ṣùgbọ́n irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Bí a bá ń retí ẹni tí ó ní ọwọ́ méjèèjì, iṣẹ́ kò ní ṣe. Ohun tí ó wọ́pọ̀ ni pé àṣẹ wà lọ́wọ́ ẹnì kan, àánú sì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ wá bí wọn yóò ti ṣe é.

Obìnrin tí ó kọ́ àwọn ènìyàn bí a ti í ṣe é ni Elizabeth Fry, ọmọ ìjọ Quaker, ìyá ọlọ́mọ púpọ̀. Ní ọdún 1813, ó lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Newgate ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ó bá obìnrin bí 300 níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, wọ́n há mọ́ ara wọn nínú ìwọ̀nba yàrá díẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sè, ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn lórí ilẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mutí tí wọ́n sì ń jà. Ẹni tí a dá lẹ́jọ́ ikú àti ẹni tí adájọ́ kò tíì rí, ibì kan náà ni wọ́n wà. Ẹ̀rù ibẹ̀ a máa ba àwọn wọ́dà pàápàá. Fry mú aṣọ wá fún àwọn ọmọdé, ó gbàdúrà, ó sì lọ. Ó tó bí ọdún mẹ́ta kí ó tó padà wá láti ṣe iṣẹ́ náà ní tòótọ́. Nígbà tí ó padà wá, ó mọ̀ pé aṣọ nìkan kò tó.

Ohun tí ó ṣe ní ọdún 1817 ni kí a wò dáadáa. Èkíní, kò dá a ṣe. Ó kó àwọn obìnrin mìíràn jọ, wọ́n di ẹgbẹ́. Èkejì, kò gba ẹ̀yìn lọ. Ó pe àwọn aláṣẹ ọgbà náà àti ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ó sọ ohun tí ó ní lọ́kàn fún wọn: ilé-ìwé fún àwọn ọmọ, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ fún àwọn ìyá, àti obìnrin kan tí yóò máa bojú tó wọn. Àwọn aláṣẹ kò gbà pé ó lè ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n gbà kí ó dán an wò. Ẹ̀kẹta, èyí tí mo fẹ́ràn jù, kò gbé òfin lé àwọn ẹlẹ́wọ̀n lórí bí ẹni gbé ẹrù lé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ó ka àwọn ìlànà náà sí wọn létí lọ́kọ̀ọ̀kan, pé kò gbọdọ̀ sí agbe ṣíṣe, kò gbọdọ̀ sí tẹ́tẹ́, kò gbọdọ̀ sí èpè, ó sì ní kí àwọn tí ó bá fara mọ́ ọn na ọwọ́ sókè. Wọ́n na ọwọ́ sókè. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà ni ó di olùkọ́ àwọn ọmọdé. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, olórí ìlú Lọ́ńdọ̀nù àti àwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀ wá wo ibẹ̀, ẹnu yà wọ́n, wọ́n sì sọ ìlànà náà di ara òfin Newgate. Wọ́n gbà láti máa san apá kan nínú owó obìnrin alábòójútó náà. Wọ́n tún fún àwọn obìnrin ẹgbẹ́ náà ní àṣẹ láti ti ẹni tí ó bá ṣe oríkunkun mọ́ yàrá fún ìgbà díẹ̀.

Níbi ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ni mo fẹ́ kí a ti dúró. Ṣé ẹ̀bùn ni àṣẹ yẹn, àbí ìdẹkùn? Ẹni tí ó wá bí ọ̀rẹ́ ti gba apá kan nínú kọ́kọ́rọ́. Bí obìnrin tí ń kọ́ mi ní abẹ́rẹ́ bá lè tì mí mọ́ yàrá lọ́la, ṣé ọ̀rẹ́ mi ni, àbí wọ́dà tí ó wọ aṣọ mìíràn? Ṣé n óò sọ ẹ̀dùn ọkàn mi fún un? N kò dá àwọn obìnrin wọ̀nyẹn lẹ́bi, nítorí iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Síbẹ̀ mo gbà pé ibi tí wọ́n ti gba àṣẹ ìjìyà ni ewu ti wọlé. Ewu mìíràn sì tún tẹ̀ lé e. Òkìkí Fry kàn débi pé àwọn ọlọ́lá ń wá sí Newgate láti gbọ́ bí ó ti ń ka Bíbélì fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n, àfi bí ẹni wá wo eégún. Nígbà tí àwọn olùbẹ̀wò tí ìjọba yàn kọ ìròyìn wọn ní ọdún 1836, wọ́n bu ẹnu àtẹ́ lu ọ̀pọ̀ èrò tí ń wá wòran náà. Ẹ má ṣe rò pé ìwà àtijọ́ nìyí. Lónìí pẹ̀lú, àwọn kan ń gbé àpò ìrẹsì lọ sí ẹnu ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n, wọ́n ya àwòrán, wọ́n lọ, wọn kò sì padà wá títí di ọdún mìíràn. Ìtìjú ẹni tí ó wà nínú àwòrán náà ni iye tí ó san fún ìrẹsì ọ̀hún.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti obìnrin kejì, tí kò ní owó, tí kò sì ní òkìkí nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Sarah Martin ni orúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ àgbà ni ó tọ́ ọ dàgbà ní abúlé Caister, iṣẹ́ aránṣọ ni ó sì ń ṣe ní Great Yarmouth, ìlú etí òkun kan ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1819, ó gbọ́ pé wọ́n ti obìnrin kan mọ́lé nítorí pé ó lu ọmọ rẹ̀ ní ìlù ìkà. Ó lọ sí ẹnu ọ̀nà ọgbà náà pé òun fẹ́ rí i. Wọ́n kọ̀ fún un. Ó padà lọ, wọ́n sì jẹ́ kí ó wọlé. Láti ọjọ́ náà lọ, ó ń yọ ọjọ́ kan sílẹ̀ nínú ọ̀sẹ̀, ọjọ́ tí ì bá fi ránṣọ jẹun, ó sì ń fi í kọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní ìwé kíkà àti ìwé kíkọ. Ó kọ́ wọn níṣẹ́ ọwọ́, ó sì ń wá ọ̀nà iṣẹ́ fún àwọn tí wọ́n bá tú sílẹ̀. Ogún ọdún ó lé ni ó fi ṣe é.

Ní ọdún 1841, àwọn aláṣẹ ìlú náà, tí wọ́n ti rí èso iṣẹ́ rẹ̀, ní àwọn fẹ́ máa san pọ́n-ùn 12 fún un lọ́dọọdún. Owó kékeré ni, ṣùgbọ́n tálákà ni obìnrin náà. Ẹ̀yin náà, kí ni ẹ bá ṣe? Sarah Martin kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Ẹ̀rù ń bà á pé bí àwọn ẹlẹ́wọ̀n bá mọ̀ pé wọ́n ń san owó fún òun, wọn kò ní gbà pé nítorí tiwọn ni òun ṣe ń wá mọ́. Àwọn aláṣẹ dá a lóhùn pé bí ó bá fẹ́ kí àwọn máa jẹ́ kí ó wọlé, yóò gba ohun tí àwọn bá là sílẹ̀. Ó gbà á. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní ọdún 1843, ó kú.

Mo rò pé nínú ọ̀ràn kékeré yìí ni ìdáhùn ìbéèrè wa wà. Àwọn aláṣẹ Yarmouth kò ní èrò búburú. Ẹ̀bùn ni wọ́n fẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n wọn kò mọ ohun tí obìnrin náà ń gbé wọlé lọ fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Wọ́n rò pé ìwé kíkà àti iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni. Ìwọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ìjọba san owó fún lè kọ́ni ní wọn. Ohun tí ó ju ìwọ̀nyí lọ ni pé ẹnì kan wà láyé tí kò sí ẹni tí ó fi ipá mú un, tí kò sí ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́ lówẹ̀, tí ó sì wá. Ìjọba kò lè fi owó ra èyí, kò sì lè fi òfin pàṣẹ rẹ̀, nítorí pé bí ó bá ti rà á, kì í ṣe òun náà mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni olùyọ̀ǹda-ara-ẹni kò lè ṣe iṣẹ́ ìjọba. Kò lè dá ẹjọ́, kò lè ṣílẹ̀kùn, kò sì yẹ kí ó fìyà jẹni. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Òwe yìí kò wí pé kí ọmọdé di àgbàlagbà, kò sì wí pé kí àgbàlagbà di ọmọdé. Bí ọwọ́ méjèèjì bá tóbi bákan náà, kèrègbè yóò wà bẹ́ẹ̀ láìsí ẹni tí yóò rí ohun inú rẹ̀ mú.

Àpẹẹrẹ kan wà tí kò pẹ́ púpọ̀ tí ó fi bí a ti í ṣe é hàn wá. Ẹgbẹ́ Samaritans bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1953. Iṣẹ́ wọn ni láti tẹ́tí sí ẹni tí ayé sú. Ní ọdún 1991, àwọn àti àwọn aláṣẹ ọgbà ẹ̀wọ̀n ìlú Swansea ní ilẹ̀ Wales fi ohùn ṣọ̀kan lórí ètò kan. Àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ẹgbẹ́ náà kọ́ àwọn kan nínú àwọn ẹlẹ́wọ̀n bí a ti í gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ìbànújẹ́ bò, kí wọ́n lè máa ran àwọn ẹlẹ́wọ̀n ẹgbẹ́ wọn lọ́wọ́ ní òru, nígbà tí kò sí àlejò. Ohun tí ẹlẹ́wọ̀n bá sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, àṣírí ni. Ẹ ronú sí ohun tí àwọn aláṣẹ gbà láti fi sílẹ̀ níbẹ̀. Nínú ilé tí ó jẹ́ pé gbogbo nǹkan ni wọ́dà gbọdọ̀ mọ̀, wọ́n gbà pé ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn kò ní béèrè. Ètò náà sì tàn kálẹ̀ dé ọ̀pọ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n mìíràn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi gbogbo ọ̀rọ̀ bá wọ́dà wí. Ẹni tí a bá lábà ni baba. Wọ́dà ni yóò dáhùn bí ẹlẹ́wọ̀n bá sá lọ. Òun ni yóò dáhùn bí ọ̀bẹ bá wọlé nínú búrẹ́dì, tàbí bí àlejò bá fi owó àti ìwé ránṣẹ́ sí ọ̀daràn lóde. Bí ó bá tú àpò yín wò, kò fi yín pe olè. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe. Olùyọ̀ǹda-ara-ẹni tí ó bá ń bínú sí ìlànà ẹnu ọ̀nà kò tíì mọ ibi tí ó wà. Ẹ̀ṣẹ̀ kan tún wà tí àwọn aláàánú máa ń ṣẹ̀ láìmọ̀, òun ni ìlérí tí a kò mú ṣẹ. Bí ẹ bá wí fún ọ̀rẹ́ yín lóde pé ẹ óò wá ní ọjọ́ Sátidé, tí ẹ kò sì wá, yóò wá nǹkan mìíràn ṣe. Ẹlẹ́wọ̀n kò ní nǹkan mìíràn láti ṣe. Ó ti ka ọjọ́ náà láti ọjọ́ Àìkú. Nítorí náà, ó sàn kí ẹnì kan ṣèlérí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù kí ó sì mú un ṣẹ, ju kí ó ṣèlérí ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ kí ó sì wá nígbà tí ó bá wù ú. Ohun tí a bá fínnúfíndọ̀ bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a lè fi ṣeré.

Ìjọba náà sì ní ẹ̀ṣẹ̀ tí ó lè ṣẹ̀ ní ìhà tirẹ̀. Ó lè rí i pé àwọn ìjọ Ọlọ́run àti àwọn mùsùlùmí ń gbé oògùn wá lọ́dọọdún, kí ó sì ṣíwọ́ oògùn rírà. Ó lè rí i pé àwọn agbẹjọ́rò kan ń gba ẹjọ́ ẹlẹ́wọ̀n rò lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó sì jẹ́ kí ẹjọ́ máa falẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìbáṣepọ̀. Gbígbé ẹrù ẹni lé ẹlòmíràn lórí ni. Oúnjẹ, omi, ìtọ́jú àìsàn àti ìdájọ́ tí kò pẹ́ jẹ́ ẹ̀tọ́ fún ẹni tí a tì mọ́lé, nítorí pé ẹni tí ó tì í ti gba agbára tí ì bá fi wá wọn fúnra rẹ̀. Ẹ̀tọ́ kì í ṣe àánú. Bí ẹ̀tọ́ bá di àánú, ọjọ́ tí aláàánú kò bá wá ni ebi yóò pa á.

Àwọn orílẹ̀-èdè ayé ti fi ẹnu kò lórí èyí. Ní ọdún 1955, ní ìlú Geneva, wọ́n ṣe ìlànà bí ó ti yẹ kí a máa ṣe sí ẹlẹ́wọ̀n. Ní ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tún un ṣe, wọ́n sì sọ ọ́ ní orúkọ Nelson Mandela, ẹni tí ó lo ọdún 27 ní ẹ̀wọ̀n kí ó tó di olórí ilẹ̀ rẹ̀. Ìlànà náà wí pé ẹlẹ́wọ̀n ṣì jẹ́ ara àwùjọ, àti pé kí a pe àwọn ẹgbẹ́ inú àwùjọ láti ran àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà lọ́wọ́. Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ náà: láti ràn wọ́n lọ́wọ́, kì í ṣe láti gba ipò wọn. Ní ilẹ̀ wa, òfin ọdún 2019 pa orúkọ àtijọ́ tì, ó pe ilé iṣẹ́ náà ní Nigerian Correctional Service, èyí tí ó túmọ̀ sí ilé iṣẹ́ àtúnṣe ìwà. Ó tún la ọ̀nà sílẹ̀ fún ìjìyà tí kì í ṣe ti inú ọgbà, bí iṣẹ́ ìlú. Àwọn baba wa wí pé orúkọ ń roni. Ó dára. Ṣùgbọ́n orúkọ kò lè dá ro ẹnikẹ́ni bí kò bá sí ẹni tí ń pe orúkọ náà, tí ó sì ń ṣe ohun tí ó wí.

Ó ku ìbéèrè kan tí ó le jù lọ. Bí ẹ bá wọ inú ọgbà náà lọ, tí ẹ sì rí ohun tí kò tọ́ ńkọ́? Ká ní ẹ rí i pé wọ́n lu ẹnì kan ní ìlùkulù, tàbí pé aláìsàn wà nílẹ̀ tí kò sí ẹni tí ó wò ó. Bí ẹ bá pariwo rẹ̀ ní ọjà, wọn óò ti ìlẹ̀kùn mọ́ yín, ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ń jàǹfààní wíwá yín yóò sì pàdánù. Bí ẹ bá dákẹ́, ẹ ti di ọ̀kan nínú àwọn bíríkì ògiri náà. Àwọn ọlọ́gbọ́n ti pàdánù oorun lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èrò tèmi nìyí. Kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún ẹni tí ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ní ohùn jẹ́jẹ́, ohun tí ojú yín rí nìkan, láìfi tẹnu ẹlòmíràn kún un. Bí kò bá gbọ́, kí ẹ sọ fún ẹni tí ó ga jù ú lọ. Ohun tí Elizabeth Fry ṣe nìyẹn ní ọdún 1818, nígbà tí ó jókòó níwájú ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin tí ó sì sọ bí àwọn obìnrin Newgate ti ń gbé. Òfin ọdún 1823 sì pàṣẹ pé kí obìnrin máa ṣe wọ́dà fún obìnrin, kí a sì máa san owó oṣù fún àwọn olórí ọgbà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀ràn bá kan ẹ̀mí, tí gbogbo etí sì di, kí ìlẹ̀kùn tì. Ìbáṣepọ̀ tí ó bá ní kí ẹ fọ́jú kí ẹ tó wọlé kì í ṣe ìbáṣepọ̀ mọ́. Aláṣẹ tí ó gbọ́n yóò sì mọ̀ pé ojú àlejò ń ran òun lọ́wọ́, nítorí pé ọgbà tí a kò wọ̀, òkùnkùn níí jọba nínú rẹ̀. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí àwọn méjèèjì kọ ọ́ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: ohun tí ẹgbẹ́ yóò ṣe, ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe, ẹni tí a ó mú ẹjọ́ lọ bá bí ẹjọ́ bá wà, àti iye ọjọ́ tí a ó fi dáhùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kò tíì dàgbà tó láti wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n lọ ṣe iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì kàn yín. Nínú kíláàsì tí ẹ jókòó sí lónìí, ó lè jẹ́ pé ọmọ kan wà níbẹ̀ tí bàbá rẹ̀ wà ní ẹ̀wọ̀n. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n bá béèrè bàbá rẹ̀, yóò wí pé ó rin ìrìn àjò. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jáde lọ́jọ́ kan, gbogbo ojú ni yóò yí sí i, ẹnì kan ni yóò sì kọ́kọ́ la ẹnu. Adájọ́ kò rán ọmọ náà sí ẹ̀wọ̀n. Kò sí wọ́dà tí a yàn láti ṣọ́ ọ, kò sì sí aláṣẹ kankan tí yóò fún yín ní ìwé àṣẹ kí ẹ tó lè ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ dìde, kí ẹ lọ jókòó tì í.